Orúkọ Tó Ń Dáhùn Lórí Tábìlì Ìjẹun Mi

Wọ́n ní yàrá kan wà ní iléeṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí wọ́n ń kó àwọn orúkọ tí kò lẹ́ni sí. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn ìsìn, ó fọwọ́ bo ẹnu bí ẹni pé àwọn orúkọ náà lè gbọ́. Ó ní tí èèyàn bá gbé etí lé ilẹ̀kùn yẹn lọ́sàn-án gangan, yóò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Mo ní kó lọ jókòó. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́, Ọlọ́run ń wò mí: mo gbà á gbọ́ dé ìdajì. Ìdajì tó kù ni mo fi sọ fún un pé irọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́. Obìnrin gbọọrọ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń gbé lọ. Àǹtí Ó-Dáhùn ni àwọn ọmọ mi ń pè é. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, tó bá wá kí wa, á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, á máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ní “mà,” á ní, “Ó dáhùn.” Èyí tó bá ń díbọ́n pé òun ti sùn, á ní, “Kò dáhùn o, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé.” Kíá lọmọ náà á ti fò dìde. Àwọn ọmọ yẹn ti dàgbà báyìí, oníkálukú ti wà nílé tirẹ̀, àwọn náà ò sì kì í dáhùn tí mo bá pè wọ́n lórí fóònù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń ṣe nígbà yẹn náà ló ṣì ń ṣe.

Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kà dé, nítorí náà bí mo ṣe lóye iṣẹ́ yẹn ni mo ṣe máa sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa rí òun lórí ayélujára, á kọ́kọ́ wá gba orúkọ níléeṣẹ́ wọn, orúkọ tí ẹlòmíì ò tíì gbà. Orúkọ nìkan ò sì tó. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ méjì níbì kan tó mọ ilé tí orúkọ náà ń gbé, tí wọ́n á máa sọ fún ẹni tó bá bèèrè pé, “Gba ibí lọ, ibẹ̀ ló wà.” Sáfà ni àwọn ń pè é, èmi ń pè é ní atọ́nà. Méjì ni, torí tí ọ̀kan bá sùn, èkejì á wà lójúfò.

Òfin wọn le. Atọ́nà méjèèjì ló gbọ́dọ̀ dáhùn; tí ọ̀kan péré ò bá dáhùn, wọn ò ní kọ orúkọ náà sínú ìwé ńlá. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n ń fún un. Lọ́jọ́ kìíní, lọ́jọ́ keje àti lọ́jọ́ kẹrìnlá, Àǹtí á pè é láti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀, á dúró, á tẹ́tí. Tí ó bá di aago mẹ́rin ọjọ́ kẹrìnlá tí kò dáhùn, Àǹtí á fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pupa kan, orúkọ náà á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn lórí ìlà. Ẹni tó dán an wò nìkan ló lè fọwọ́ sí i, ọ̀gá ò lè bá a fi ọwọ́ tirẹ̀ sí i. Tí ọjọ́ náà bá sì kọjá láìsí ọwọ́ lórí fọ́ọ̀mù, orúkọ á padà sí ọjọ́ kìíní lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ wá, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọlé. Ó ní wọ́n fi ìyẹn síbẹ̀ kí ìwà ọ̀lẹ òṣìṣẹ́ má baà gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Ní gbogbo ọdún mẹ́tàlélógún tó ti lò níbẹ̀, kò sí fọ́ọ̀mù pupa kankan tó sùn lórí tábìlì rẹ̀ rí.

Mo ti dé yàrá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Fèrèsé rẹ̀ ṣe déédéé orí igi kan, ewé náà sún mọ́ gíláàsì débi pé tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, òjìji rẹ̀ á máa yọ́ kọjá lára ògiri, lára fáìlì, lójú rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń kùn wùù-ùn nísàlẹ̀ tábìlì bí ẹni tó ń kọrin láìla ẹnu. Tí ènìyàn bá pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Mo bi í pé báwo ni kì í ṣe é sùn. Ó ní, “Ta ló sọ fún ọ pé mi ò kì í sùn? Mo máa ń la ojú sùn ni.”

Ọ̀sán Sátidé kan ló sùn lórí àga gígùn wa. Òjò ń bọ̀, ilé ti ṣú díẹ̀, aṣọ fèrèsé ń wú, ó ń rọ̀, ó ń wú, ó ń rọ̀. Mo ń ka Bíbélì mi jẹ́jẹ́. Mo bá gbọ́ tó ní, “Ṣé ẹ wà níbẹ̀?”

Mo ní, “Àǹtí, ta lẹ̀ ń pè?”

Ó la ojú. “Ìyàwó, o ò tíì kúrò níbẹ̀?”

“Ilé mi nìyí, Àǹtí. Níbo lẹ fẹ́ kí n lọ?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì rọ́ àlá náà fún mi bó ṣe dùbúlẹ̀. Ó ní òun wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó gùn tí òun ò rí òpin rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ bí omi. Àwọn èèyàn dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì. Òun ń pè wọ́n, ẹnu wọn ń là, wọ́n ń dáhùn. Ṣùgbọ́n ohùn wọn ò ga dé etí òun, àárín ẹsẹ̀ òun ló ń gbà kọjá, ó tutù, òun sì ń mọ̀ ọ́n lára bí ó ṣe ń lọ.

Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.”

Ó ní, “Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mu omi.”

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Onírun dé iléeṣẹ́ wọn. Èmi ló sọ ọ́ ní Onírun. Obìnrin ni, wíìgì ló ń ṣe fún àwọn tí irun orí wọn ti re nítorí àìsàn. Mo ti rí i lẹ́nu iṣẹ́: ìkọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò nípọn ju abẹ́rẹ́ lọ, yóò fi fa irun kan ṣoṣo gba inú àwọ̀n, yóò so ó, yóò tún fa òmíràn. Orí kan lè gbà tó oṣù kan, ṣùgbọ́n ogójì ọmọọ̀ṣẹ́ ló ń bá a so ó. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó bá sì ń sọ̀rọ̀, orí èèyàn ló máa ń wò, kì í wo ojú.

Orúkọ tó fẹ́ gbà ni Irun Mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ó ti rán an mọ́ inú wíìgì ẹgbẹ̀ta kó tó wá gbà á. Aṣọ pélébé kan tó funfun, ó rán orúkọ náà sí i pẹ̀lú òwú dúdú, pé kí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, tàbí bí wọ́n ṣe ń mú un fún mọ́ orí tí orí bá rù, lọ wo ibẹ̀. Ọsibítù méjì ti ń pín in fún àwọn aláìsàn wọn.

Àǹtí bi í pé, “Ta ló ní kẹ́ ẹ rán an mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó gbà á?”

Ó ní, “Inú mi ló dùn, mà.”

Àǹtí ní kó mú fọ́ọ̀mù rẹ̀ wá.

Atọ́nà rẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ńlá kan. Èkejì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ní yàrá ẹ̀rọ ní ìlú mìíràn, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja dídì. Lọ́jọ́ kìíní, ti iléeṣẹ́ ńlá dáhùn, ti ẹlẹ́ja ò dáhùn. Lọ́jọ́ keje, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ pè, ó búra pé ẹ̀rọ òun ò sùn, pé bí òun ṣe dúró yìí, ó ń ṣẹ́jú sí òun ni. Láàárín ọjọ́ méjì sí ìgbà yẹn, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ìpara irun ti wá tò sẹ́yìn Onírun lórí ìlà. Orúkọ kan náà ni wọ́n fẹ́. Tó bá já mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn aláìsàn ẹgbẹ̀ta tó bá tẹ̀ lé aṣọ pélébé yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìpara fún ẹni tó nírun ni wọ́n máa bá ara wọn.

Ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n ń kun ọ́fíìsì, òórùn ọ̀dà lé gbogbo wọn jáde. Àǹtí yà sọ́dọ̀ mi, òpópónà kẹta síbẹ̀ ni ilé wa. Mo gbé tíì síwájú rẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí àbíkẹ́yìn mi fi sílẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ méjì ti yọ, tí mo fi máa ń gbọ́ ìwàásù. Ó fà á mọ́ra. Àṣà ló jẹ́ fún un, bí ẹlòmíràn ṣe máa ń ṣa ẹ̀wà tọ́wọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ó tẹ orúkọ Onírun sí i.

Mo rí i tí ó dáwọ́ dúró. Oòrùn ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, eruku ń fò nínú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tíì ń yọ èéfín. Ó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀.

Ó ní, “Ó dáhùn.”

Mo ní, “Mà?”

“Ìyàwó, kì í ṣe ìwọ ni mò ń pè. Àwọn méjèèjì dáhùn.”

Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ló ń wá lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á rọra wọlé bí ẹni tó ń lọ yẹ ọmọ tuntun wò. Á pè é ní ọ́fíìsì láàárọ̀: kẹ́kẹ́ á pa. Á pè é lórí tábìlì mi lọ́sàn-án: á dáhùn kó tó gbọ́wọ́ kúrò.

Mo ní, “Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Àdúrà pọ̀ nínú ilé yìí.”

Ó ní, “Ìyàwó, kì í ṣe àdúrà. Ilẹ̀kùn ni.”

Ó ti lọ tú fáìlì. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, àwọn kan rọ́ lẹ́tà ìranù lé iléeṣẹ́ wọn lórí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lóòjọ́, láti àdúgbò kan lórí ayélujára. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà ti ilẹ̀kùn iléeṣẹ́ mọ́ gbogbo àdúgbò yẹn, ẹni rere àti ẹni burúkú. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé fún ọjọ́ mélòó kan ni. Wọ́n gbàgbé, kò sí ẹni tó ṣí i mọ́. Àdúgbò yẹn ni ẹ̀rọ ẹlẹ́ja wà. Onímọ̀ ẹ̀rọ náà, ọ̀gá àgbà wọn ni lónìí.

Èyí tó wá dà á láàmú jù ni pé ó kó àwọn fọ́ọ̀mù pupa ọdún mọ́kànlá jáde. Orúkọ mọ́kànlélógójì ló rí tí atọ́nà wọn ti àdúgbò yẹn wá. Ó dà wọ́n kọ sínú ìwé ìlò ọmọ ilé ìwé kan, ó sì kà wọ́n fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Ó ń kà wọ́n jẹ́jẹ́. Ilé búrẹ́dì kan. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn ti kú. Ẹnì kan tó ń kọ́ àwọn arúgbó bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Obìnrin kan tó ń tún bèbí ìṣeré ọmọdé ṣe, bèbí tí ọwọ́ ẹ̀ ti yọ, bèbí tí ojú ẹ̀ ti jìn. Bó ṣe ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró díẹ̀, mo sì rò pé mo rí wọn tí wọ́n ń gba iwájú ilé wa kọjá nínú òjò náà, tí wọ́n ń wo inú ilé, tí wọn ò bínú.

Ó ní, “Gbogbo wọn ń dáhùn, Ìyàwó. Mo fọwọ́ sí i pé wọn ò dáhùn. Ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀.”

Mi ò lè sọ fún un pé kò kan án. Mo di ọwọ́ náà mú.

Ọjọ́ kẹrìnlá pé. Ó ní kí n gbé kọ̀ǹpútà mi, kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí. Mo wọ bàtà ìsìn mi, nítorí mi ò mọ ohun tí ẹlẹ́rìí ń wọ̀. Onírun jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń so irun. A kí i, ó wo orí wa.

Ọ̀gá àgbà ò tíì pé àádọ́ta ọdún, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó dìde fún mi, ó fa àga fún mi. Fọ́ọ̀mù pupa ti wà lórí tábìlì rẹ̀, ìwé orúkọ mọ́kànlélógójì tí Àǹtí fún un sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àǹtí ní kí n tan ẹ̀rọ mi, kí n so ó mọ́ fóònù mi, kì í ṣe mọ́ okùn ọ́fíìsì. Ó tẹ orúkọ náà. Àwọn méjèèjì dáhùn. Ó yí ojú ẹ̀rọ náà sí ọ̀gá.

Ọ̀gá ní, “Àǹtí, òfin ò sọ̀rọ̀ nípa tábìlì ìjẹun ẹnikẹ́ni.”

“Òfin ò sọ̀rọ̀ nípa ọ́fíìsì náà, ọ̀gá. Ó ní kó dáhùn. Ṣé kò dáhùn ni?”

“Ibí la ti ń dán an wò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá iléeṣẹ́ yìí sílẹ̀, ibí ni.”

“Ẹ ṣí ilẹ̀kùn yẹn nígbà náà, kí n dán an wò níbí. Ìṣẹ́jú méjì ni. Ẹ̀yin lẹ tì í.”

Ó mú gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò, ó ń nù ún. Ó ní, “Tí mo bá ṣí i, mo gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé mo ṣí i. Wọ́n á bi mí ìgbà tí mo tì í. Kí ni kí n wá sọ fún àwọn mọ́kànlélógójì yẹn?”

“Pé wọ́n ń dáhùn, pé àwa ni ò gbọ́.”

“Orúkọ wọn ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, Àǹtí!”

“Mo mọ̀. Èmi ni mo fún wọn. Èyí tó wà níwájú wa yìí ò tíì bọ́.”

Òjìji ewé wà lára ògiri ọ̀gá náà, ó ń yọ́ lọ. Mo ń gbàdúrà nínú mi, ṣùgbọ́n kí n sọ òtítọ́, mi ò mọ ẹni tí mò ń gbà á fún.

Àǹtí tún bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní àwọn ibòmíì wà tí wọn kì í béèrè atọ́nà kí wọ́n tó fúnni lórúkọ. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, á máa sùn lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, títí ẹ̀rọ rẹ̀ á fi jí. Kí ló dé tí àwọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì burú. “Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ká má ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá yín yẹn. Ẹ ní tí a bá gba orúkọ tí kò nílé, ẹnì kan á kó ẹgbẹ̀rún lọ, á jókòó lé wọn, ẹni tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ò sì ní rí kankan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣì wà nínú ìwé mi.”

Mo wo Àǹtí. Ó dàbí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Ó ní, “Òótọ́ ni. Mo sọ ọ́.”

“Ẹ rí i?”

“Mo sọ ọ́ nígbà tí mo rò pé etí mi ń gbọ́ràn.”

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjìlá. Ọ̀gá ti fọ́ọ̀mù náà síwájú Àǹtí, ó fi bírò lé e. Ó ní kí ó fọwọ́ sí i, àwọn onípara ń dúró. Ó ní lọ́dún tó ń bọ̀ tí Àǹtí bá fẹ̀yìn tì, òun á rọra ṣí ilẹ̀kùn náà, kò ní sí ariwo, ẹnì kankan ò ní mọ̀. Ó ní òun á bá Onírun wá orúkọ mìíràn tó dáa.

Àǹtí ní, “Wíìgì ẹgbẹ̀ta ńkọ́? Ṣé ìwọ lo máa tú òwú rẹ̀?”

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti le. Ó ti kúrò ní “ẹ,” ó ti di “ìwọ.”

“Àǹtí, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ báyìí. Èmi ni ọ̀gá yín.”

“Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ.”

“Ìyá,” ó kọjú sí mi, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, sà. Ta ni mí tí màá sọ fún wọn pé báyìí ni?”

Àǹtí mú bírò náà. Ó ṣí i. Ó wo ibi tí wọ́n máa ń fọwọ́ sí, ó wò ó pẹ́, ọ̀gá sì mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òun ṣe mọ̀ pé èèyàn àtàtà ni, pé ọdún mẹ́tàlélógún kì í ṣe ọjọ́ kan, pé ìgbìmọ̀ náà á gbọ́ nípa ìwà rere rẹ̀. Àǹtí dé bírò náà padà. Ó gbé e lé fọ́ọ̀mù náà ní ìbú, ó dìde, ó fọwọ́ tẹ́ ìró rẹ̀ dáadáa.

“Àǹtí, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Kò sí ẹlòmíì tó lè fọwọ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá jáde báyìí, ọjọ́ kìíní la tún máa—”

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Kò yára, bó ṣe máa ń rìn náà ló ń rìn, bí ẹni tí ilẹ̀ ń gbé lọ. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ tí Onírun ní, “Mà?” bí ẹni tí wọ́n pè. Ọ̀gá ti dìde, ó ń sọ̀rọ̀ sí ilẹ̀kùn náà pé òfin ni òfin, pé kí Àǹtí padà wá ká jọ sọ ọ́ yanjú, ó sì ń sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì rọra ń padà sáyè rẹ̀ fúnra rẹ̀.